Líìfù Mẹ́ta Tí Kò Pàdé Ara Wọn

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àǹtí mi, ẹ̀yin ẹgbẹ́ obìnrin tó wà ní London, Manchester, Leeds, Birmingham àti gbogbo ibi tí ọmọ Yorùbá ń gbé ní Ìlú Ọba, ẹ̀yin ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sí. Ẹ̀yin àgbà wa nílé náà, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, ní Àkúrẹ́, bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ yìí ṣọwọ́ sí yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pa á rẹ́. Apá kan wà níwájú tó jẹ́ tiyín gan-an. Ó gùn díẹ̀. Ẹni tí kò bá ráyè báyìí, kó fi pamọ́ di ìgbà tó bá wọ bọ́ọ̀sì.

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá kò le. Ìsinmi tí èèyàn gbà níbi iṣẹ́ kan, tó wá fi àyè rẹ̀ ṣe iṣẹ́ mìíràn, kì í ṣe ìsinmi. Ó kàn pààrọ̀ ọ̀gá ni. Àwa obìnrin Yorùbá ní Ìlú Ọba sì ti sọ ọ́ dàṣà, débi pé ẹni tó bá jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ kan, ojú ọ̀lẹ la fi ń wò ó. Ó yẹ ká jáwọ́ níbẹ̀. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni fiṣẹ́ sílẹ̀ o. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ẹni tó ní iṣẹ́ méjì mẹ́ta kò ṣe ohun burúkú. Ohun tí mò ń bá jà ni iṣẹ́ mẹ́ta tí kò ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo lọ́dún tí gbogbo wọn jọ dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan, ká máa pè é ní Ìyá Báyọ̀. Kò sí ẹni tí mò ń pòwe mọ́. Mo kàn kó ohun tí gbogbo wa ń rí lójoojúmọ́ pọ̀ sórí ẹnì kan ni. Láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì, aago márùn-ún ìdájí ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fífọ ọ́fíìsì láàárín ìlú, aago mẹ́jọ ló ń ṣíwọ́. Nígbà tó bá fi di aago mẹ́wàá ààbọ̀, ó ti wà ní ilé ìdáná iléèwé kan, níbi tó ti ń pín oúnjẹ ọ̀sán fáwọn ọmọ títí di aago méjì. Ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì àti alẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ejẹ́ǹsì á rán an lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, láti aago mẹ́jọ alẹ́ sí aago mẹ́jọ àárọ̀. Tó bá délé lówùúrọ̀ Ọjọ́ Àìkú, kò ní fara kan bẹ́ẹ̀dì. Á wẹ̀, á we gèlè, ó di ṣọ́ọ̀ṣì tàbí àsàlátù.

Bí ẹ bá sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò ní, “Rárá o, part-time ni gbogbo ẹ̀.” Òótọ́ ló sọ. Ọ́fíìsì, wákàtí 15. Iléèwé, wákàtí 17 àti ààbọ̀. Ilé arúgbó, wákàtí 24. Kò sí èyí tó pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ rò wọ́n pọ̀: wákàtí 56 àti ààbọ̀ lọ́sẹ̀ kan, a ò tíì ka bọ́ọ̀sì mọ́ ọn. Kò sí ọ̀gá kankan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó mọ̀ pé obìnrin yìí ń ṣiṣẹ́ jù, torí pé wákàtí tirẹ̀ nìkan ni kálukú wọn ń kà. Ara Ìyá Báyọ̀ nìkan ló ń ka gbogbo rẹ̀.

Ẹ wá wo líìfù rẹ̀. Iléèwé kì í jẹ́ kó mú ọjọ́ tó wù ú. Ìgbà tí àwọn ọmọ bá ti gba ọlidé ni tirẹ̀ náà. Ti ọ́fíìsì, àfi kó béèrè. Ó béèrè, wọ́n sì fún un ní ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù November. Ti ejẹ́ǹsì, wọ́n ti ń san owó rẹ̀ mọ́ owó iṣẹ́ látọjọ́ yìí, kò tilẹ̀ mọ̀. Nígbà tí iléèwé pa ní August, kí ló ṣe? Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ejẹ́ǹsì pé ọwọ́ òun ti dilẹ̀, kí wọ́n fi alẹ́ méjì kún un. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ ọ́fíìsì dé ní November, iléèwé ti wọlé, kò sì lè kúrò níbẹ̀. Ó ń dúpẹ́ pé òun rí oorun sùn di aago méje. Ọdún yí po. Obìnrin yìí gba líìfù lọ́dọ̀ ọ̀gá mẹ́ta, kò sì sí ọjọ́ méje kan tó tẹ̀ léra tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ ibi iṣẹ́.

A wá ń sọ pé ìjọba Òyìnbó ń fìyà jẹ wá. Ní ti ọ̀rọ̀ yìí, òfin wọn kò burú tó bí a ṣe ń lò ó. Ní England, Scotland àti Wales, òfin wákàtí iṣẹ́ ti ọdún 1998 fún òṣìṣẹ́ ní líìfù ọ̀sẹ̀ 5.6 lọ́dún, tí wọ́n á sanwó rẹ̀, ì báà ṣe wákàtí mẹ́ta péré ló ń ṣe lọ́sẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọjọ́ 28 ni tirẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ 16.8. Ọ̀gá kọ̀ọ̀kan ló sì jẹ yín ní tirẹ̀. Ti pé ọ́fíìsì ti fún yín kò sọ pé kí ejẹ́ǹsì má fún yín.

Ẹni tí wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ kò dúró sójú kan, bíi tàwọn tó ń ti ọwọ́ ejẹ́ǹsì ṣiṣẹ́, bí a ṣe ń ka tirẹ̀ yàtọ̀. Fún ọdún líìfù tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 April 2024 tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ìdá 12.07 nínú ọgọ́rùn-ún wákàtí tó bá ṣe ló ń di líìfù. Bó bá ṣe wákàtí 100, líìfù wákàtí 12 ti wọlé fún un. Òfin kan náà gbà kí ejẹ́ǹsì máa san owó líìfù náà pọ̀ mọ́ owó iṣẹ́, bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sọ́tọ̀ lórí ìwé owó oṣù. Ibẹ̀ gan-an la ti ń ṣìnà. Owó ìsinmi ń wọlé díẹ̀díẹ̀, a sì ń ná an díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń jẹ irúgbìn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ ìsinmi bá wá dé, a ní, “Tí mi ò bá ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, wọn ò ní sanwó fún mi.” Wọ́n ti san án. Ẹ ti fi ra ẹran òkété àti aṣọ ẹbí.

Ẹ mú ìwé owó oṣù yín lálẹ́ òní, ẹ wò ó dáadáa. Bí iṣẹ́ tí ẹ ṣe fún ejẹ́ǹsì lóṣù kan bá jẹ́ £1,000, owó líìfù tó yẹ kó wà lọ́tọ̀ lórí rẹ̀ jẹ́ £120.70. Bí ẹ bá ń yọ ọ́ sápá kan lóṣooṣù, yóò di £1,448.40 lọ́dún. Bí kò bá sí níbẹ̀, tí wọn kò sì fún yín ní ọjọ́ ìsinmi, ẹ̀tọ́ yín ni wọ́n ń jẹ. Ẹ pe Acas lórí 0300 123 1100, wọn kì í gbowó ìmọ̀ràn. Ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bíi UNISON, kó lọ bá aṣojú wọn. Mo mọ̀ pé ẹni tí visa rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá á máa bẹ̀rù láti lanu. Ẹ̀tọ́ líìfù kan náà ni òun náà ní, ìdí nìyẹn tó fi dára kó béèrè nínú lẹ́tà, ní pẹ̀lẹ́, kó sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ wa fọwọ́ sí láìkà. Òfin ní kí òṣìṣẹ́ má ṣe ju wákàtí 48 lọ lọ́sẹ̀, tí wọ́n bá ṣírò ọ̀sẹ̀ 17 pọ̀ tí wọ́n pín in, àpapọ̀ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì ń kà, kì í ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé tí wọ́n tẹ́ síwájú yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí wọ́n ní ẹ kàn fọwọ́ sí ibí àti ibí, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ ìwé tí ẹ fi gbà pé kí ààlà yẹn má de yín. Ẹ lè gbà á padà. Ẹ kọ̀wé sí wọn ní ọjọ́ méje ṣáájú, àyàfi bí àdéhùn bá ní kó jù bẹ́ẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ. Wọn kò gbọdọ̀ lé yín torí rẹ̀.

Kí ló dé tí mo fi ń pariwo lórí wákàtí? Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, àti ILO tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lágbàáyé gbé ìṣirò kan jáde. Ní ọdún 2016 nìkan, ìṣirò náà ní, ẹ̀mí tó tó 745,000 ló lọ sí àrùn rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn nítorí iṣẹ́ àṣejù. Wákàtí mélòó ni wọ́n pè ní àṣejù? Láti 55 lọ sókè lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe tó bẹ́ẹ̀, ewu rọpárọsẹ̀ tirẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó ń ṣe 35 sí 40, ewu pé kí àrùn ọkàn pa á sì fi ìdá 17 jù. Ẹ rántí Ìyá Báyọ̀ wa: 56 àti ààbọ̀, “part-time ni gbogbo ẹ̀.”

Ẹ wá fi iṣẹ́ òru kún un. Ẹ̀ka tó ń wádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ WHO ti fi iṣẹ́ òru sínú àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ láti ọdún 2007. Wọ́n tún un yẹ̀ wò ní 2019, wọn kò yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀jẹ̀ ríru ní tirẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé, àwa aláwọ̀ dúdú ló sì máa ń bá jà jù. Ẹlòmíràn ti ń gbé 180 lé ní 110 kiri, ó rò pé orí tó ń fọ́ òun jẹ́ ti òtútù, ó ń lo oògùn orí fífọ́, ó ń mu ohun mímu afúnnilágbára kó lè dúró di ilẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ tó bá wá ṣubú nílé arúgbó, tí apá kan kú, kí là ń wí? A ní ayé ló ṣe é. A ní ẹnì kan ló rí i nígbà tó ń jó lóde àríyá. Ẹ forí jì mí, ẹ̀yin àgbà: kí ẹ tó wá ọ̀tá lọ sí abúlé, ẹ kọ́kọ́ ka wákàtí tí obìnrin yẹn ń ṣe lọ́sẹ̀. Ẹ béèrè ọjọ́ tó sinmi gbẹ̀yìn. Mi ò sọ pé kẹ́nikẹ́ni má gbàdúrà. Mo ní àdúrà tí a gbà fún ẹni tí kò sùn fún ọjọ́ méjì, oorun ló yẹ kó jẹ́ àmín rẹ̀.

Àwa obìnrin fúnra wa náà jẹ̀bi, ẹ má jẹ́ ká yíràá. Àwa la ń fi “akínkanjú obìnrin” pe ẹni tó ń pa ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Níbi àríyá, alága ìdúró á di máìkì mú, á ní obìnrin yìí ò mọ àárẹ̀, iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe, ó kọ́lé, ó ra mọ́tò. A ó pàtẹ́wọ́, a ó náwó. Ta ló ti rí ibi tí wọ́n ti yìn obìnrin rí pé ó sinmi ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀? Àwọn ẹgbẹ́ wa mọ bí a ti ń ṣètò. Aṣọ ẹbí tí a máa wọ̀ ní August, January la ti ń dá owó rẹ̀. A ń dá àjọ, a ń kó o, kì í yẹ̀. A wá ń ṣe bí ẹni tí kò mọ ètò ṣe tó bá kan ara wa.

Ó kan ẹ̀yin àgbà nílé wàyí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé ilẹ̀ tí wọ́n ń gbin iṣu sí lọ́dọọdún láìdá a sí, ọjọ́ kan á máa so iṣu bíi ìka ọwọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, ẹ kì í jẹ́ kí ìyá ọlọ́mọ tuntun gbé korobá omi títí ogójì ọjọ́ á fi pé. Ìsinmi kì í ṣe àṣà Òyìnbó, ọwọ́ yín la ti kọ́ ọ. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ẹni tó wà lókè òkun, ẹ rò pé irin ni wọ́n fi ṣe é?

Ọmọbìnrin yín ń bọ̀ láti iṣẹ́ òru, kò tíì bọ́ bàtà, fóònù ti dún. Owó iléèwé ọmọ àbúrò. Páànù tí afẹ́fẹ́ gbé. Ìsìnkú ìyá àna ẹnì kan tí kò rí rí. Ẹ kò mọ̀ pé kò sọ “rárá” fún yín, ejẹ́ǹsì ló ń sọ “bẹ́ẹ̀ ni” fún, ó ń gba alẹ́ kan sí i. Mi ò ní kí ẹ má béèrè, a kì í bímọ ká má jẹun ọmọ. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kéré: bó bá sọ fún yín pé ọ̀sẹ̀ báyìí ni mò ń sinmi, kí ẹnu má kan owó lọ́sẹ̀ yẹn. Bí ẹ bá pè é, ẹ bi í bó ṣe sùn. Ìyẹn nìkan.

Ẹ má sì jẹ́ ká tan ara wa pé wíwá sílé lóṣù December ni ìsinmi. Ẹni tó gbé àpótí méjì wá, tó pín bàtà àti ọṣẹ fún ọgbọ̀n ènìyàn, tó lọ síbi ìgbéyàwó mẹ́rin láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, tí àlejò kò jẹ́ kó sùn, iṣẹ́ kẹrin ló wá ṣe. Ó ń padà sí òtútù ju bó ṣe wá lọ nínú àárẹ̀. Bí ó bá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó fi ọ̀kan nínú rẹ̀ dákẹ́ síbì kan kó tó wọkọ̀ òfuurufú.

Mo ti ń gbọ́ ẹnì kan tó ń sọ pé, “Ó rọrùn láti sọ. Owó ilé kì í gba líìfù.” Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Owó ilé, iná, gáàsì, owó visa, kò sí èyí tó ń dúró. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ pé oṣù kan. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo ní, ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ ti mọ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú. Ẹní bá da omi síwájú á tẹlẹ̀ tútù. Ẹ ṣírò ohun tí ọ̀sẹ̀ kan máa ná yín, kí ẹ wá ṣírò oṣù mẹ́fà lórí àga oníkẹ̀kẹ́, tí ìwé ilé kò sì dáwọ́ dúró.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é rèé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí iṣẹ́ tí kò ṣeé sún. Fún Ìyá Báyọ̀, iléèwé ni; kó mú ọ̀sẹ̀ kan nínú August tí iléèwé ti pa. Lẹ́yìn náà, kó kọ̀wé sí ọ́fíìsì. Bí ìwé àdéhùn iṣẹ́ kò bá sọ ohun mìíràn, ìlọ́po méjì iye ọjọ́ tí ẹ fẹ́ ni ẹ ó fi ṣáájú: fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ ó fi dúró di ìgbà yẹn? August kò fara sin, gbogbo èèyàn ló ń dù ú. February ni kí ẹ ti kọ̀wé. Wọ́n lè ní ọ̀sẹ̀ yẹn kò rọrùn, bí wọ́n bá ti sọ fún yín kó tó ku iye ọjọ́ tí líìfù náà jẹ́. Ẹ bi wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó rọrùn nínú oṣù kan náà. Ejẹ́ǹsì ló kẹ́yìn. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ kò sí nílẹ̀, kí ẹ sì pa ohùn fóònù wọn mọ́lẹ̀, torí pé alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n á pè pé ẹnì kan kò wá, pé àwọn á fi owó lé e.

Ọ̀sẹ̀ náà kì í ṣe ti irun dídì fún oníbàárà o. Kì í ṣe ti kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù fún ọjọ́ ìbí ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ọkọ tó ń yọjú ka lẹ́tà yìí, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tí ẹ ó máa béèrè ọbẹ̀ tuntun lójoojúmọ́. Ẹ wọ ilé ìdáná. Kí obìnrin náà sùn títí oorun á fi tán lójú rẹ̀. Kó rìn lọ sí kẹ́mísì: ní England, ẹni tó ti pé ogójì ọdún tí wọn kò tíì sọ fún pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀pọ̀ kẹ́mísì. Bí wọ́n bá rí 140 lé ní 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó yẹ kó rí dókítà, àkókò sì wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn láti rí i.

Ẹ̀yin alága àti ìyálóde ẹgbẹ́, ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí akọ̀wé mú kàlẹ́ńdà wá kí ẹ tó sọ̀rọ̀ aṣọ. Kí obìnrin kọ̀ọ̀kan dárúkọ ọ̀sẹ̀ rẹ̀, kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ bá pé, kí ẹgbẹ́ má ṣe pè é sí òde, kí a má sì bu owó ìtanràn fún un pé kò wá. Ẹ dá àjọ kan sílẹ̀, £10 lọ́sẹ̀ ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀, kí ó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ ìsinmi ẹni ló ń kó o. Ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ yòókù, ẹ fi ránṣẹ́ sílé pẹ̀lú, kí ẹ sì kọ ọ̀sẹ̀ tiyín sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó fi í ṣọwọ́.